Bí mo ṣe ń wọn káàdì ẹranko nínú Magic kí n tó fi sínú dẹ́ẹ̀kì mi

Sátidé tó kọjá, àbúrò kan gbé dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ wá sí yàrá tá a ti ń ta káàdì ní Òkè-Fìà níbí, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ wá wo ẹranko o, ló bá to Colossal Dreadmaw mẹ́rin sílẹ̀, 6/6, trample lára ẹ̀, ó ní ta ló fẹ́ dá èyí dúró nílùú Òṣogbo. Mo ní ó dáa, jókòó, po káàdì ẹ. Kí káàdì ilẹ̀ ẹ̀ tó pé mẹ́fà tí á fi lè sọ ẹyọ kan sílẹ̀, ẹ̀mí ẹ̀ ti wálẹ̀ sí mẹ́rin, ìgbà tó wá sọ ọ́ sílẹ̀ tán tó ń rẹ́rìn-ín, mo fi Doom Blade, káàdì tó ń pa ẹranko, pa á, mánà méjì péré, ìyẹn owó tá a fi ń sọ káàdì sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi gan-an ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, owó táyà ọ̀kadà mi ni mo fi ra dírágónì kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì náà ń dán yinrin, mánà méje, láàárín oṣù mẹ́ta ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i sọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n pa á kó tó gbẹ́sẹ̀. Ìlú aró la ti wá, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé aṣọ tó bá máa ṣí, omi àkọ́kọ́ ló ń ṣí.

Ẹ jẹ́ n tètè ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Magic: The Gathering ni géèmù yìí, Richard Garfield ló ṣe é, 1993 ló jáde. Ẹni méjì jókòó, kálukú ní ẹ̀mí 20, kálukú ní dẹ́ẹ̀kì tiẹ̀, káàdì inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní 60, ẹ sì fẹ́ jẹ ẹ̀mí ara yín tán. Àwọn káàdì tí wọ́n kọ creature sí lára ni àwa ń pè ní ẹranko níbí, ẹ má dá wa lóhùn, èèyàn wà níbẹ̀, áńgẹ́lì wà níbẹ̀, iwin wà níbẹ̀, ẹranko la ṣáà ń pe gbogbo wọn.

Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan dání, òkè lápá ọ̀tún ni iye mánà tẹ́ ẹ máa san wà, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni nọ́ńbà méjì wà, ti àkọ́kọ́ ni agbára tó fi ń lu èèyàn, ìkejì ni bí ara ẹ̀ ṣe lè gba ìyà tó kó tó kú, ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n kọ iṣẹ́ ẹ̀ sí. Ọmọ tuntun, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni ojú ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Ẹ gbé ojú sókè jàre. Iye tó ń gbà lẹ máa kọ́kọ́ kà, àbí tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba ẹ máa di iṣu sínú àpò tán kẹ́ ẹ tó béèrè pé èló ni?

Mánà yìí kì í ṣe ti inú Bíbélì o, àmọ́ wọ́n jọra níbì kan, kò ṣe é tọ́jú di ọjọ́ kejì, èyí tẹ́ ẹ ò bá ná nígbà tó kàn yín ti ṣòfò nìyẹn. Ilẹ̀ ló ń mú un wá, ilẹ̀ kan ṣoṣo lẹ sì lè gbé sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn yín. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì 60, ká ní ilẹ̀ 24 wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo iye yẹn, ẹ mú káàdì 7 lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ta, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ ta kì í fa káàdì nígbà àkọ́kọ́. Tó bá máa fi di ìgbà kẹfà, káàdì 12 lẹ ti rí. Ilẹ̀ tó máa wà nínú 12 yẹn, tá a bá fojú bù ú, 4.8 ni. Kò tiẹ̀ pé márùn-ún! Ẹranko mánà mẹ́fà tẹ́ ẹ ti ń rò pé á bọ́ sílẹ̀ ní ìgbà kẹfà, lọ́pọ̀ ìgbà ìgbà keje tàbí ìkẹjọ ló ń dé, gbogbo ìgbà yẹn ó kàn wà lọ́wọ́ yín tó ń wò yín bí àlejò tí ò rí àga jókòó.

Torí náà gbogbo mánà tó bá lé lórí káàdì, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó tìtorí ẹ̀ lé.

Kóńgò tí mo fi ń wọn nǹkan ni Grizzly Bears. Mánà méjì, 2/2, wọn ò kọ nǹkan kan sí i, béárì lásán. Nínú káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 1993 ló wà. Savannah Lions náà wà níbẹ̀, mánà kan, 2/1, Hill Giant náà wà níbẹ̀, mánà mẹ́rin, 3/3, ìyẹn náà ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú káàdì, màá wo iye tó ń gbà àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìkan, màá bi ara mi pé ṣé ó kún kóńgò, àbí ó dín, tó bá dín, èló ló fi dín. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí ọwọ́ kúrò, màá wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tó dípò ohun tó dín yẹn. Elvish Visionary, mánà méjì, 1/1, ó dín, àmọ́ bó ṣe ń wọlé ẹ ti fa káàdì kan, ó ti dípò. Typhoid Rats, mánà kan, 1/1, deathtouch, ìyẹn ni pé ohun tó bá bù jẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ erin, á kú, eku yìí nìkan lè dá gbogbo ẹranko ńlá dúró sẹ́nu ọ̀nà torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi 6/6 gba eku.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kóńgò yẹn ti pẹ́. Lóde òní béárì lásán ò tó nǹkan mọ́, wọ́n ń kó iṣẹ́ sí ẹranko mánà méjì lára gan-an, èyí tó bá kàn jẹ́ 2/2 láìní nǹkan mìíràn, kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú ni.

Ó wá ku ìbéèrè tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni màá mú. Ó kú, kí ló fi sílẹ̀? Torí á kú o. Gbogbo ẹranko tẹ́ ẹ bá sọ sílẹ̀ ni ẹni tó jókòó níwájú yín ń wá bó ṣe máa pa, ohun tó ṣe kó káàdì tiẹ̀ wá nìyẹn. Nínú yàrá wa a kì í sọ pé káàdì yìí le tàbí kò le, ohun tá a máa ń béèrè ni pé ṣé ó lógún.

Ẹ wo Mulldrifter. Mánà márùn-ún, 2/2, ó ń fò. Ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, jìbìtì pọ́ńbélé ni, mánà márùn-ún fún ara béárì tó hu ìyẹ́. Ẹ wá ṣí ọwọ́, bó ṣe ń balẹ̀ lẹ fa káàdì méjì. Ẹ ti fà á ná, ó ti wà lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Kí ẹnì kejì wá fi káàdì kan pa á, ṣé ẹ rí i pé káàdì kan ló fi pa káàdì kan, méjì tẹ́ ẹ fà yẹn lérè ni. Tí ilẹ̀ yín ò bá tíì pé márùn-ún, ẹ lè san mẹ́ta, á wọlé, ẹ fa méjì, á kú fúnra ẹ̀, inú ò bí ẹnikẹ́ni. Thragtusk náà tó jáde ní 2012, mánà márùn-ún, 5/3, bó ṣe dé, ẹ̀mí yín fi márùn-ún lọ sókè, ìgbà tó bá sì kúrò lórí tábìlì, ọ̀nà yòówù tó gbà kúrò, ọmọ kan tó jẹ́ 3/3 á jókòó sípò ẹ̀. Òkú tó bímọ.

Ẹ wá gbé Baneslayer Angel sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun jáde ní 2009, mánà márùn-ún náà ni, 5/5, ó ń fò, first strike wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lù, lifelink wà lára ẹ̀, bó bá ṣe ń lu ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí tiyín ń lọ sókè, Mulldrifter ò tó gbé báàgì ẹ̀. Tí wọn ò bá rí i pa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa lu ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta, 20 ti tán. Àmọ́ kò lè kọlu ẹnikẹ́ni nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà mìíràn tó bá kàn yín, àárín ìgbà yẹn ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Kí wọ́n fi Doom Blade pa á ní ìṣẹ́jú yẹn, kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Olówó tó kú láìṣe wíìlì.

Ṣé mo wá ń sọ pé Baneslayer ò dáa ni? Rárá o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ẹni tó bá ní in kó gbé e wá fún mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé irú méjì yìí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, èyí tó lógún ti sanwó ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ò lógún, gbèsè ló ń jẹ yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ fi wà láàyè kó tó san án. Llanowar Elves ò lógún, àmọ́ mánà kan péré ló gbà, tó bá lo ìgbà kan ṣoṣo tó fún yín ní mánà kan padà, gbèsè ti tán, ìgbà kejì tó kàn yín mánà mẹ́ta ti wà nílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ṣì ní méjì. Dreadmaw ò lógún, gbèsè mẹ́fà ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí mo kọ́ lẹ́yìn tí mo ti sunkún tó: tí gbogbo ẹranko inú dẹ́ẹ̀kì yín bá lógún, àmọ́ tẹ́ ẹ fi Baneslayer méjì sáàárín wọn, ẹnì kejì á kọ́kọ́ fi Doom Blade ẹ̀ pa àwọn kéékèèké torí wọ́n ń dà á láàmú, ìgbà tí áńgẹ́lì bá fi máa dé, ọwọ́ ẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tó bá kó olówó aláìníwìílì nìkan jọ, gbogbo Doom Blade tó wà nílùú ló ń rí iṣẹ́ ṣe.

Ikú tó máa pa á gan-an, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Shock, mánà kan, ó ń fi méjì lu nǹkan. Lightning Bolt, mánà kan, ó ń fi mẹ́ta lù ú. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kejì yẹn kì í fi gorí ara wọn bí àtẹ̀gùn lásán, ara 3 àti ara 4, odò wà láàárín wọn, ara 3 ṣì wà létí bèbè níbi tí Bolt ti lè bá a, ara 4 ti sọdá. Tí wọ́n bá fi 4/3 àti 3/4 síwájú mi, mánà kan náà, èmi 3/4 ni màá kọ́kọ́ wò. Doom Blade ní tiẹ̀ ò béèrè ara, káàdì ní àwọ̀, ẹranko tó jẹ́ dúdú nìkan ni kì í pa. Wrath of God, mánà mẹ́rin, gbogbo ẹranko tó wà nílẹ̀ pátá ló ń gbá lọ, tọmọ tìyá. Ẹranko tó bá ní hexproof, ẹnì kejì ò lè nawọ́ sí i, inú wa máa ń dùn sí i gan-an, àmọ́ Wrath ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó kàn dé ni.

Ẹ wá máa ṣírò owó ikú yẹn mọ́ owó tẹ́ ẹ san. Ẹ san mẹ́fà, ó fi méjì pa á, mánà mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ó tún fi sọ tiẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan náà, ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn nìyẹn. Ẹ san méjì, ó fi méjì pa á, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kankan ní nǹkan. Kí ẹ sì mọ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ta. Àwa méje la sábà máa ń wà nínú yàrá wa, mẹ́rin ló ń ta káàdì pupa, Bolt ni oúnjẹ wọn, ara 4 ti di ìwé ìwọlé níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́yin wà àwọn tó ń ta káàdì dúdú ló pọ̀, ìṣirò yín á yàtọ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sí i lára, flying ni ìyàwó mi. Ẹranko tó ń fò, àfi èyí tó ń fò bíi tiẹ̀ tàbí èyí tó ní reach ló lè dí i lọ́nà, àwọn yòókù á kàn máa wòkè bí ẹni tó ń wo èéfín. Serra Angel ti ọdún 1993 yẹn, mánà márùn-ún, 4/4, ó ń fò, vigilance lára ẹ̀, ìyẹn ni pé ó jáde lọ jà ó tún wà nílé ṣọ́ ilé, lọ́jọ́ tí wọn ò bá ní Doom Blade, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló máa fi pa èèyàn, mo ṣì máa ń lò ó títí dòní, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín. Béárì 2/2 tó ń fò máa ń jẹ ẹ̀mí èèyàn ju 4/4 orí ilẹ̀ lọ, torí 4/4 yẹn eku Typhoid Rats kan ṣoṣo ti dá a dúró. Haste dáa lára ẹranko tí ò lógún torí kò ní dúró di ìgbà tí wọ́n máa pa á, ó dé ó lù. Trample, ìyẹn ni pé agbára tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹranko tó dí i lọ́nà á kọjá lu ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta, dáa lára èyí tí agbára ẹ̀ pọ̀ nìkan, lára 1/1 kò wúlò. Àwọn yòókù ẹ máa mọ̀ wọ́n bẹ́ ẹ bá ṣe ń ta.

Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó kún kóńgò jù, ẹ fura. Phyrexian Dreadnought, mánà kan, 12/12, trample. Mánà kan o! Ẹ wá ka ìsàlẹ̀: bó bá ṣe wọlé, ẹ máa fi òun gan-an rúbọ àfi tẹ́ ẹ bá fi ẹranko míì tí àpapọ̀ agbára wọn tó 12 rúbọ dípò ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹranko tó tó 12 nílẹ̀, kí ló tún ń wá? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó lè fi yẹ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ nìkan ló ń rí i lò. Dark Confidant náà, mánà méjì, 2/1, gbogbo ìgbà tó bá ti kàn yín á ṣí káàdì tó wà lókè dẹ́ẹ̀kì, á fi sí yín lọ́wọ́, iye mánà tí káàdì yẹn ń gbà lẹ máa pàdánù nínú ẹ̀mí yín. Nínú dẹ́ẹ̀kì tí nǹkan inú ẹ̀ kò ju mánà kan méjì lọ, ẹ̀bùn ni, ilẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ òfo, kì í gba nǹkan kan. Àbúrò mi yìí kan náà ní òun fẹ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dreadmaw mẹ́rin. Mo ní ìwọ wo, mẹ́fà ni ẹ̀mí ẹ á fi máa wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló fẹ́ pa ẹ́, èmi àbí ìwọ?

Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò kì í dáhùn tẹ́nì kan bá kàn fi fọ́tò káàdì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ẹ̀gbọ́n ṣé eléyìí dáa. Nínú dẹ́ẹ̀kì wo? Mélòó lo fẹ́ kó sí i? Mẹ́rin nìkan ni wọ́n gbà, mẹ́rin nínú 60, tí ẹ bá mú 7 lọ́wọ́, bíi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni pé ẹ máa rí ọ̀kan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ rò ó bóyá inú yín á dùn láti rí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ legendary sí lára, méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà ò lè wà lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mẹ́rin ti pọ̀ jù lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá jẹ́ dráfútì lẹ ń ta, tẹ́ ẹ já páàkì káàdì tuntun níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì fi káàdì 40 ta, ọ̀rọ̀ yí padà, Doom Blade ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, géèmù máa ń pẹ́, Dreadmaw tí mo ti ń bú láti àárọ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Iye tí wọ́n ń tà á kò sọ nǹkan kan fún yín. Lightning Bolt àti Llanowar Elves, àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú páàkì ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sí. Dírágónì mi ló wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì, kí wọ́n bá yín tẹ káàdì náà sórí bébà, ẹ gé e, ẹ tì í sínú ọ̀rá káàdì síwájú ilẹ̀ kan, ẹ fi ta nílé. Ilé nìkan o, wọn ò gbà á ní ìdíje. Ẹni tó bá ní dátà lè lọ sórí MTG Arena, Magic yìí kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó ń jẹ dátà, ó ń jẹ bátìrì, tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín géèmù ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Ẹ ta géèmù mẹ́wàá. Ẹ mú ìwé kan dání, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fa káàdì yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí inú yín ṣe rí, ṣé ẹ rí i sọ sílẹ̀, ìgbà tó kú kí ló fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe purọ́ fún ìwé.

Àbúrò mi náà ṣe é. Àná ló gbé ìwé ẹ̀ wá, ojú ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Dreadmaw, ó dé ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, mo rí i sọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó jà lẹ́ẹ̀kan. Ó ti yọ mẹ́ta kúrò. Mo bi í pé ẹyọ kan tó kù ńkọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n, ìyẹn arẹwà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.